Ìgbà Tí À Ń Ya Ilé Àṣàbí

Ajé, 20 oṣù kẹfà, 1994

Bándélé Gbádérọ̀ tó ń ta fídíò ti gbà. Ó ti gbà láti fi owó ara rẹ̀ ya eré mi, Ilé Àṣàbí, sí fíìmù. Láti ìgbà tí Ṣemílóore ọmọ mi wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ti ń kọ eré fún rédíò, ọmọ náà ti wọ yunifásítì báyìí. Wọ́n ti ṣe eré mi lórí ìtàgé náà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé kámẹ́rà síwájú ọ̀rọ̀ mi rí.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Dùgbẹ̀ la ti sọ ọ́, láàárín páálí kásẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú sí mi o, mi ò tíì rí obìnrin tó kọ fíìmù rí. Àwọn oníbàárà mi á rò pé ọkọ yín ló kọ ọ́."

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ rà á ná, kí wọ́n wá ro èyí tó bá wù wọ́n.

Nígbà tí mo délé, Bàbá Ṣemílóore ń kan ilẹ̀kùn kíṣìnì tó ti yẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni R. Adéfọlárìn ti wá di oníṣẹ́ fíìmù." Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùgbọ́ rédíò ṣe máa ń kọ orúkọ mi sẹ́yìn lẹ́tà, wọ́n rò pé ọkùnrin ni mí. Òjò ṣú látàárọ̀, kò rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù kẹfà

Ọ̀gá Ikúbọlájẹ́ ni wọ́n máa darí eré náà. Gbogbo ìlú tí ọkọ̀ ń dé ni wọ́n ti gbé ẹgbẹ́ òṣèré wọn dé nígbà tí eré orí ìtàgé ṣì ń pa owó. Wọ́n gba ìwé eré mi, wọ́n gbé e lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ.

"Ìyáàfin, ẹnu la fi ń kọ eré tiwa. Màá ní, ìwọ lọkọ, ìwọ ni ìyàwó, ẹ̀ ń jà. Wọ́n á sì jà."

Mo ní, "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fi jà wà nínú ìwé yìí."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, sà."

Wọ́n ń ṣí i wò. Wọ́n wá béèrè ìtàn náà lẹ́nu mi, mo sọ ọ́: Àṣàbí àti ọkọ rẹ̀ jọ kọ́lé, ọkọ kú, àbúrò ọkọ wá gba kọ́kọ́rọ́. Àṣàbí jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Mi ò jáde." Ibẹ̀ ni eré parí sí.

Ọ̀gá ní, "Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀." Mo mọ̀ pé nítorí owó Bándélé ni. Ó tó mi náà.

Ìṣẹ́gun, 28 oṣù kẹfà

Ìyá Ràfátù ló máa ṣe Àṣàbí. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, àwọn ni mo máa ń sanwó lọ wò nínú eré Ọ̀gá Ikúbọlájẹ́. Wọ́n ti fi eré sílẹ̀ tipẹ́, wọ́n ń ta aṣọ ọmọ tuntun ní Agbowó báyìí. Àgbà ti dé sí wọn lára, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dìde láti fi àga lọ̀ mí, mo ṣì rí ìrìn tí wọ́n máa ń rìn lórí ìtàgé.

Wọn ò kàwé. Wọ́n sọ ọ́ fún mi láìtijú, "Kà á fún mi. Tó bá ti wọ etí mi, kò ní jáde mọ́." Mo kà á, wọ́n ń tẹ̀ lé mi. Bí ọ̀rọ̀ kan ò bá dùn létí wọn, wọ́n á dá mi dúró: "Èyí ò rọlẹ̀." Mo tún méjì kọ lójú ẹsẹ̀. Àwọn ló tọ̀nà.

Àbámẹ́ta, 2 oṣù keje

Ọjọ́ kìíní tí a ya fíìmù. Ilé kan ní Bódìjà Àtijọ́ ni wọ́n yá wa lò. Luqman ló ń mú kámẹ́rà. Sùrájù ló ń ṣe àbúrò ọkọ. Ó tóbi, ohùn rẹ̀ ń bú bí ẹ̀rọ, ẹ̀rù ba èmi gan-an tí mo kọ ọ́. Ní òwúrọ̀ ó ń sọ ohun tó wù ú. Mo ń fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tó ti yà kúrò nínú ìwé, mo ń pa á mọ́ra. Ìgbà tó di ọ̀sán ni Ọ̀gá Ikúbọlájẹ́ sọ fún un pé, "Sùrájù, sọ ohun tí obìnrin yìí kọ. Ó dára ju tìẹ lọ."

Mo wọ ilé ìdáná, mo mu omi. Inú mi dùn ju bí mo ṣe fẹ́ kí wọ́n mọ̀ lọ.

Ọjọ́rú, 6 oṣù keje

Àwọn òṣìṣẹ́ epo ti da iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Ilé epo Ring Road ti fi okùn dí ẹnu ọ̀nà.

Ìṣẹ́gun, 12 oṣù keje

Kò sí epo, jẹnẹrétọ̀ ò ṣiṣẹ́. NEPA ò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Bódìjà dé Dùgbẹ̀ lọ rí Bándélé, torí owó tí awakọ̀ takisí ń pè ti di ìlọ́po mẹ́ta. Bándélé ní ká dá iṣẹ́ dúró. Mo rìn padà. Bàtà mi já ní Mọ́kọ́lá.

Gaàrí ti gbówó lórí, ata ò ṣeé wò.

Ìṣẹ́gun, 19 oṣù keje

Bándélé wá sílé. Kò jókòó dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Àǹtí, mo ti wo àwọn tá a ti yà. Ó dáa. Ìparí ẹ̀ ló kù."

"Kí ló ṣe ìparí ẹ̀?"

"Obìnrin jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ò jáde. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ya wèrè. Kó máa sáré káàkiri inú ọjà, kí ọmọ máa sunkún tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn á sunkún, wọ́n á rà á."

Mo ní, "Kí ló ṣe tó fi máa ya wèrè?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ìyẹn ló ń pa àwọn èèyàn lẹ́kún."

Mo sọ fún un pé Àṣàbí tèmi ò ní ya wèrè. Ó ní owó òun ni. Mo ní ìwé mi ni. Bàbá Ṣemílóore gbé omi wá láti inú ilé, a sì mu ún láìwo ojú ara wa. Nígbà tí Bándélé ń lọ, ó ní, "Ẹ ṣáà rò ó, mà. Epo ò tíì dé." Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro.

Àìkú, 24 oṣù keje

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì mo lọ sí Agbowó. Mo rò pé bí èmi àti Ìyá Ràfátù bá mọ ìparí náà dunjú, Bándélé máa rí i pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀.

Mo kà á: "Ilé yìí, èmi àti ọkọ mi la jọ kọ́ ọ. Mi ò jáde."

Wọ́n ní, "Ilé yìí, èmi àti ọkọ mi la jọ kọ́ ọ." Wọ́n dúró síbẹ̀.

Mo tún un kà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n tún dúró sí, wọn ò dé "Mi ò jáde."

"Rẹ̀mí, ta ló sọ ọ̀rọ̀ yìí?"

"Àṣàbí ni, mà."

"Mo mọ̀. Mo ní ta lo rí tó sọ ọ́?"

Wọ́n ká aṣọ ọmọdé kan tó wà lórí itan wọn, wọ́n tún tú u ká.

"Èmi jáde," ni wọ́n wí.

Mo ti mọ̀ wọ́n tipẹ́, mi ò gbọ́ ọ rí. Òkè-Àdó ni ilé náà wà. Owó tí wọ́n ń rí nídìí eré àti owó tí ọkọ wọn ń rí nídìí káfíńtà ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ṣàdúrà ogójì ọjọ́ tán, àbúrò ọkọ wọn kó àwọn àgbà wá lé wọn jáde.

"Ṣé ẹ bá wọn jà, mà?"

"Ta ni mo fẹ́ bá jà? Ọmọ wà lọ́wọ́ mi. Mo di ẹrù. Mo gbá gbogbo ilé náà kí n tó jáde, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mo fi ìdọ̀tí sílẹ̀."

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Wọ́n ní, "Mo wá ń kí wọn."

"Ẹ ń kí wọn?"

"Ibi tí mo háyà ò jìnnà. Iwájú ilé yẹn ni mo máa ń gbà kọjá láàárọ̀. Mo máa dúró, mo máa kúnlẹ̀. Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé mi. Ṣé àlàáfíà la jí? Wọ́n á wo ibòmíràn. Ọ̀la, mo tún dé. Wọ́n lè lé mi nínú ilé. Wọn ò lè ní kí n má kí èèyàn."

"Wọn ò dáhùn rí, mà?"

"Títí mo fi kó wá sí Agbowó. Ọmọ mi tó gbẹ̀yìn ti ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì nígbà yẹn."

Mo rìn wálé lábẹ́ òjò, mi ò tiẹ̀ ṣí agboòrùn mi.

Ajé, 25 oṣù keje

"Mi ò jáde" ti kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo kà á, ó ń dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tí wọn ò lé jáde rí.

Ìṣẹ́gun, 2 oṣù kẹjọ

Mo lọ béèrè lọ́wọ́ wọn. Mi ò fẹ́ kọ ọ́ kí n tó béèrè. Mo ní, "Ìyá, ìkíni yẹn, ṣé mo lè fún Àṣàbí?"

Ìyá Ràfátù ní, "Rárá."

Mo tọrọ àforíjì. Wọ́n ní kò sí àforíjì níbẹ̀, pé ọ̀rẹ́ làwọn bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ò bá òǹkọ̀wé sọ̀rọ̀. "Ọkùnrin yẹn ṣì wà láyé. Àwọn ọmọ ẹ̀ ń pè mí ní ìyá. Wọ́n ń wá kí mi nígbà Iléyá. Ṣé kí wọ́n wá máa wo bàbá wọn nínú fídíò?"

Wọ́n ra búrẹ́dì fún mi kí n tó lọ. Wọn ò bínú. Ì bá sàn ká ní wọ́n bínú.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù kẹjọ

Mo ti kọ ìparí oríṣiríṣi, mo ti fa gbogbo rẹ̀ ya. Nínú ọ̀kan Àṣàbí lọ sílé ẹjọ́. Nínú ọ̀kan àbúrò ọkọ kú, ojú ara mi ló tì mí. Bàbá Ṣemílóore ka èyí tí mo gbàgbé sórí tábìlì, ó ní, "Èyí ò jọ ẹ." Àwọn yunifásítì náà fẹ́ tilẹ̀kùn. Gbogbo wa jókòó sílé bí ẹni ń ṣọ́fọ̀.

Mo tilẹ̀ rò ó pé kí n jẹ́ kí Àṣàbí ya wèrè, kí n lọ sinmi.

Àìkú, 21 oṣù kẹjọ

Ìyá Ràfátù fẹsẹ̀ rìn láti Agbowó wá sí ilé wa. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Mo bá wọn lórí àga ìta, wọ́n ń fi gèlè fẹ́ ara wọn. Mo gbé omi wá, wọ́n mu ún tán kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Kọ ọ́."

Mo ní, "Ìyá, ẹ ò ní láti ṣe é nítorí mi."

"Kì í ṣe nítorí rẹ. Láti ọjọ́ tó o ti béèrè ni mo ti ń bá a jà. Mo ń bo ọkùnrin yẹn láṣìírí láti ọjọ́ yìí, mo sì ti rí i pé ara mi gan-an ni mò ń bò. Bí ẹni pé èmi ni mo ṣe ohun ìtìjú." Wọ́n gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n Àṣàbí ò gbọdọ̀ sunkún níbẹ̀. Èmi ò sunkún lójú wọn."

"Kò ní sunkún, mà."

"Àbúrò ọkọ yẹn ńkọ́, bó o ṣe kọ ọ́, ẹhànnà ni. Tèmi kì í ṣe ẹhànnà. Òun ló gbé òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé itẹ́. Ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kàn gbà pé àlejò ni mí nínú ilé náà ni. Ìyẹn ló dùn mí jù. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo sìn wọ́n dé òpópó. Nígbà tí mo padà, mo jókòó sí tábìlì, mi ò dìde títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù. Gbogbo ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ ni mo tún kọ. Ìparí rẹ̀ kò gbà ju ojú ìwé kan lọ.

Ẹtì, 9 oṣù kẹsàn-án

Ìdáṣẹ́sílẹ̀ ti parí, epo ń yọ díẹ̀díẹ̀. A padà sí Bódìjà. Bándélé ka ìparí tuntun náà lórí ìdúró.

"Ìkíni? Ìkíni lẹ fẹ́ fi parí fíìmù?"

Ọ̀gá Ikúbọlájẹ́ ní ká ya méjèèjì, kó lọ yan èyí tó bá wù ú. Mo fẹ́ kọ̀. Ìyá Ràfátù fọwọ́ kan apá mi. "Jẹ́ kí wọ́n yà á. Mo ti ṣe wèrè nínú eré rí. Ìyẹn ò sọ mí di wèrè."

Àbámẹ́ta, 10 oṣù kẹsàn-án

A ya ti wèrè láàárọ̀. Wọ́n ṣe é dáadáa, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Lẹ́yìn náà la ya ìkíni. Sùrájù jókòó sí pèpéle pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Mo ti sọ fún un pé kó má gbójú le. Ìyá Ràfátù dé, wọ́n gbé igbá sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n kí i. Ohùn wọn mọ́ bí ohùn ẹni tó jí sí ayọ̀. Ó yẹ kí Sùrájù yíjú kúrò. Ó yíjú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tó di pákò mú dúró, kò rin pákò náà mọ́. Luqman ò pa kámẹ́rà títí Ọ̀gá fi rán an létí.

Sùrájù bọ́ sí ẹ̀yìn ilé. Ó ní, "Mà, ó ṣòro kéèyàn má dáhùn."

Ìṣẹ́gun, 27 oṣù kẹsàn-án

Bándélé wá. Ní Ring Road níbi tí wọ́n ti ń to fíìmù pọ̀, ó ti gba ẹ̀dà méjèèjì, ó sì ti fi han ìyá rẹ̀ àti àwọn ará ilé wọn. Mo ń retí kó sọ pé ti wèrè ló yàn.

Ó ní, "Wọ́n sunkún nígbà tí wọ́n wo ti wèrè, wọ́n sì ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Nígbà tí wọ́n wo èkejì, Màámi dìde, wọ́n wọ yàrá lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí n gbé àwọn lọ sí Ìwó Road, kí àwọn lọ kí Ìyá Ọmọ́fẹ́."

"Ta ni Ìyá Ọmọ́fẹ́?"

"Ìyàwó bọ̀dá mi tó kú. Ilé tí mò ń gbé yìí, ilé ọkọ wọn ni." Ó ń wo ilẹ̀. "Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò níbẹ̀, a ò dé ọ̀dọ̀ wọn rí, mà. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n rí Màámi, wọ́n sì kúnlẹ̀ kí wọn. Àwọn ló kọ́kọ́ kí wa."

Mi ò béèrè ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Ó ní ti ìkíni la máa lò.

Ajé, 10 oṣù kẹwàá

Epo ti di náírà mọ́kànlá, ohun gbogbo ń tẹ̀ lé e gòkè.

Àpẹẹrẹ pósítà dé láti ilé ìtẹ̀wé. Níbi tó yẹ kí orúkọ mi wà, orúkọ Ọ̀gá Ikúbọlájẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bándélé ní torí ọjà ni, àwọn èèyàn mọ orúkọ wọn. Kí n tó sọ̀rọ̀, Ọ̀gá bọ́ awò lójú.

"Mo lè darí ẹ̀, mi ò lè kọ ọ́. Pa á rẹ́. Obìnrin yìí ló kọ ọ́. Kọ orúkọ ẹ̀ tán pátá, kí wọ́n lè mọ̀ pé obìnrin ni."

Rẹ̀mílẹ́kún Adéfọlárìn. Ó gùn, wọ́n ní láti dín orí Sùrájù kù nínú àwòrán kó tó wọlé.

Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹwàá

A fi fíìmù náà hàn lónìí ní gbọ̀ngàn kan ní Challenge, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Oòrùn mú, fáànù méjì péré ló ń yí. Mo rò pé àga máa ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn dúró dé ẹnu ọ̀nà. Obìnrin ló pọ̀ jù, àwọn olùkọ́, àwọn oníṣòwò, àwọn tó pọn ọmọ. Ìyá Ràfátù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n fi ìbòjú bo orí dé ìdajì ojú, wọn ò fẹ́ kí wọ́n dá àwọn mọ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tí mi ò rò. Nígbà tí àbúrò ọkọ gba kọ́kọ́rọ́, ọkùnrin kan lẹ́yìn wa ní, "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀.

Ó kan ìparí. Àṣàbí dé iwájú ilé, ó gbé igbá sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé mi. Ṣé àlàáfíà la jí?"

Sùrájù yíjú kúrò. Nínú fíìmù, kò sí ariwo kankan níbẹ̀ àfi àkùkọ kan tó ń kọ lọ́nà jíjìn.

Obìnrin kan níwájú ní, "Àlàáfíà ni, mà." Mo rò pé ó fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹlòmíràn dáhùn, ó ní, "A dúpẹ́ o." Àṣàbí padà wá ní àárọ̀ kejì, ó tún kí wọn, lọ́tẹ̀ yìí gbogbo gbọ̀ngàn ló dáhùn, láti iwájú dé ẹnu ọ̀nà, àti ọkùnrin ẹ̀yìn wa yẹn. "Àlàáfíà ni, mà. Ẹ kú ojúmọ́."

Ìyá Ràfátù ti ṣí ìbòjú kúrò lójú. Wọn ò wo fíìmù mọ́. Wọ́n yí ara padà lórí àga, wọ́n ń wo àwọn èèyàn náà.

"Rẹ̀mí," ni wọ́n wí, "wọ́n dá mi lóhùn."

Mo di ọwọ́ wọn mú títí wọ́n fi tan iná.